Ìmọ́lẹ̀ Tí Mo Jowú Rẹ̀

Mo rántí òórùn òróró ìpara kan tó gba gbogbo ilé wa ní Kambolé, ní Tógò, lọ́dún tí ìyàwó mi já bọ́ lórí alùpùpù. Kí ẹ má baà ṣì mí gbọ́, obìnrin ni mí. Ìyàwó tí mo ń wí yìí ni obìnrin kejì tí ọkọ mi fẹ́ lé mi. Èmi ni ìyáálé, òun ni ìyàwó, bẹ́ẹ̀ la sì ṣe ń pe ara wa títí di òní. Òróró náà ń ta nímú bíi káńfọ̀. Àràárọ̀ ni ọkọ wa ń bù ú sí àtẹ́lẹwọ́ tí yóò máa fi wọ́ ìbàdí ìyàwó fún un, èmi a sì jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò, a máa fẹ́ iná tó ti ràn tipẹ́. Imú ni mo fi ń mọ ìgbà tó bá bẹ̀rẹ̀ àti ìgbà tó bá parí. Bó bá sì pẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ, mo mọ ìyẹn náà.

Àgbẹ̀ ni ọkọ wa, iṣu àti àgbàdo ló ń gbìn bíi ti ọ̀pọ̀ ọkùnrin àdúgbò wa, ó sì bẹ̀rù Ọlọ́run. Nígbà tó fẹ́ gbé ìyàwó wọlé, ààfáà jókòó tì í, ó kìlọ̀ fún un pé Ọlọ́run yóò béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ bó ṣe pín nǹkan láàárín obìnrin méjì. Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ ọ́ lára kọjá ààlà. Bó bá ra ìborùn fún ọ̀kan, ó ti ra ti èkejì. Bó bá pa adìẹ, a la àyà rẹ̀ sí méjì, a sì gbé e sókè wò bóyá ọ̀kan tóbi ju ọ̀kan lọ. Lọ́jọ́ kan, ó mú ọṣẹ olóòórùn dídùn kan bọ̀ láti ọjà Tchamba, ẹyọ kan ṣoṣo ló kù lórí àtẹ ẹni tó ń tà á. Ó jókòó síwájú àwa méjèèjì, ó fi ọ̀bẹ gé e láàárín, a sì ń wò ó bí ẹni ń wo adájọ́. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ a máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Èmi ò bá wọn rẹ́rìn-ín. Mo mọ ibi tí ọkàn rẹ̀ wà, ojú mi ò fọ́. Ṣùgbọ́n bí ọkàn rẹ̀ bá tiẹ̀ wà lọ́dọ̀ ọmọdé yẹn, ìdajì ọṣẹ yóò máa wá sọ́dọ̀ tèmi.

Ọmọ òdì kejì ààlà ni ìyàwó, láti Bẹ̀nẹ̀. Yorùbá tirẹ̀ yàtọ̀ díẹ̀ sí tiwa, ó ń fà á lẹ́nu, gbogbo èèyàn sì ń sọ pé ó dùn ún gbọ́. Èmi ò rí ohun tó dùn níbẹ̀. Ó ga, ó pupa, ẹ̀rín kò sì jìnnà sí i. Ohun kan ṣoṣo tí mo fi jù ú lọ ni ọmọ, nítorí ó ti pẹ́ díẹ̀ nílé wa, kò tíì lóyún rí. Èmi bí ọmọbìnrin kan tó ń lọ sílé ẹ̀kọ́, mo sì bí ọkùnrin kan tó lọ lẹ́yìn tó ti ń rìn. Ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ọmọ náà a máa wú, a máa sunkún pé egungun ń dun òun, bí mo bá sì gbé e mọ́ra, igbe rẹ̀ a tún le sí i. Wọ́n ní àbíkú ni. A sin ín, mi ò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá mi dárúkọ rẹ̀ mọ́.

Ọjà Koussountou ni ìyàwó ń lọ nígbà tí alùpùpù tó gbé e yọ̀ nínú ẹrẹ̀. Kò lè dìde. Wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn Tchamba, àwọn ìyẹn ní ìbàdí ni, kí wọ́n máa gbé e lọ sí Sokodé fún rádíò. Rádíò tí àwa ń pè bẹ́ẹ̀ ní Tógò kì í ṣe èyí tó ń ka ìròyìn o. Fọ́tò inú ara ni, èyí tí ẹ̀rọ máa ń fi ìmọ́lẹ̀ tí ojú kò lè rí yà. Ọkọ wa bá a lọ, wọ́n sì pẹ́ níbẹ̀. Nígbà tí wọ́n dé, wọ́n ní egungun rẹ̀ kò kán, ó kàn là díẹ̀ ni, wọ́n sì fún un ní fọ́tò náà kó máa mú un lọ sílé.

Ẹ gbà mí! Ǹjẹ́ ẹ ti rí ibi tí wọ́n ti ń ki obìnrin kú oríire egungun rí? Bí àlejò bá wọlé, ìyàwó á fa fọ́tò ńlá dúdú náà yọ, á nà án sí oòrùn, gbogbo wọn á sì na ọrùn. "Ẹ wo bó ṣe funfun!" "Ẹ wo bó ṣe tò!" Ìyá ọkọ wa fúnra rẹ̀, ẹni tí kò yìn mí rí láti ọjọ́ tí mo ti ń gúnyán fún un, ó tẹjú mọ́ ọn, ó ní ìbàdí ọlọ́mọ nìyí. Mo dúró lẹ́yìn wọn pẹ̀lú igbá omi lọ́wọ́. Egungun wà nínú ara tèmi náà, òun ló sì ń pọnmi fún gbogbo wọn, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó béèrè pé kí òun rí i.

Kò pẹ́ sígbà náà ni ìyàwó bẹ̀rẹ̀ sí í tutọ́ káàkiri àgbàlá. Oyún! Láàárín ìgbà kan náà, èmi náà rí i pé mo ti lóyún. Ó yẹ kí inú mi dùn, ó sì dùn, àmọ́ kò sẹ́ni tó gbọ́ tèmi. Oyún obìnrin tó ti bímọ kì í ṣe ìròyìn. Tirẹ̀ ni wọ́n ń sọ ní mọ́ṣáláṣí, tirẹ̀ ni wọ́n ń sọ létí kànga, gbogbo wọn sì ti mọ ohun tó fà á: ìmọ́lẹ̀ Sokodé ni. Ìyá ọkọ wa ló kọ́kọ́ sọ ọ́. Ó ní ìmọ́lẹ̀ tó lè la ẹran ara kọjá débi egungun, ṣé inú obìnrin ni yóò wá dì í lọ́nà? Ó ní ó ti tú ohun tó dì sílẹ̀, ọmọ tí yóò sì jáde wá yóò lágbára bí ohun ọ̀gbìn tó rí oòrùn. Àwọn obìnrin mi orí. Èmi náà mi orí, mo sì wọ yàrá mi lọ sunkún.

Ẹ má rò pé owú lásán ni. Owú ni o, mi ò sẹ́, ó gbóná lọ́fun mi bí ata. Ṣùgbọ́n mo tún ń rántí ọmọ tó sunkún egungun títí tó fi lọ. Mo ní bí ìmọ́lẹ̀ kan bá wà tó ń dé inú egungun, tí wọ́n sì ti fi kan oyún tirẹ̀, ta ló wá ní kí oyún tèmi jókòó sínú òkùnkùn? Bí mo ṣe ń rò ó ló ń tọ́ sí mi sí i. Nígbà tí ọkọ wa ti oko dé, mo gbé omi fún un, mo jókòó.

"Bàbá wa, ṣebí ẹ mú ìyàwó lọ ṣe rádíò."

"Àbúrò rẹ ṣubú ni."

"Ṣé kí èmi náà lọ ṣubú ni?"

Ó gbé ife omi sílẹ̀. "Níbo ló ń dùn ọ́?"

"Ọjọ́ tí ẹ gé ọṣẹ sí méjì, ṣé ara mi dọ̀tí lọ́jọ́ náà ni?"

Ó wò mí títí. Ó wo ilẹ̀. Mo mọ̀ pé ààfáà yẹn ti ń sọ̀rọ̀ sí i létí. Nígbà tó ṣe, ó ní ó dáa, kí àwọn kó àgbàdo tó kù wọlé ná, àwa yóò lọ.

Bí mo ṣe gbádùn ìrìn àjò yẹn, mi ò lè sọ ọ́ tán. Láti ìgbà tí ìyàwó ti wọlé, èmi àti ọkọ mi kò tíì jọ lọ síbì kankan tó ju oko lọ. Mo wọ aṣọ tí mo ń dì pa mọ́ de ọdún Iléyá. Nínú ọkọ̀ tó gbé wa láti Tchamba lọ sí Sokodé, àwọn èèyàn fún wa mọ́ra, èjìká rẹ̀ sì wà lára èjìká mi títí a fi dé. Ó ra wàgàsì, wàrà Fúlàní díndín, fún mi lẹ́bàá ọ̀nà. Mo jẹ gbogbo rẹ̀, mi ò fi ìdajì pamọ́ fún ẹnì kankan. Ọ̀dọ̀ àbúrò mi tó ń gun zémìjan, alùpùpù akérò, ní àdúgbò Kouloundè la sùn, ilẹ̀ mọ́, ó sì gbé wa lọ sí ilé ìwòsàn náà.

Ọkùnrin tó ń ya rádíò wọ aṣọ funfun, ohùn rẹ̀ sì rọ̀. Bó ṣe gbọ́ tí èmi àti ọkọ mi ń sọ̀rọ̀, ó yí sí Yorùbá, ó ní ìlú òun wà ní apá Ṣábẹ̀, ní Bẹ̀nẹ̀. Ọ̀kan lára àwọn ará ibẹ̀ yẹn tún nìyí!

"Ìyá, níbo ló ń dùn yín?"

"Kò síbi tó ń dùn mí."

"Ta ló wá ní kí ẹ wá?"

"Ọkọ mi ló mú mi wá. Ó mú orogún mi wá tẹ́lẹ̀, ẹ sì ṣe tirẹ̀ fún un. Tèmi ni mo wá gbà."

Ó wo ọkọ mi. Ọkọ mi ń wo bàtà ara rẹ̀.

"Ṣé ẹ lóyún, ìyá?"

Mo na àyà. "Mo lóyún o! Òun gan-an ni mo gbé wá fún yín."

"Madame, non!" ló bú jáde lẹ́nu rẹ̀. Ó ní òun kò ní ya mí, àní bí gbogbo Kambolé bá wá bẹ òun.

Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, níbẹ̀, pẹ̀lú aṣọ ọdún mi. Mo ní mo ti mọ̀, mo ní ìyàwó ti bá a sọ̀rọ̀, ṣebí ibì kan náà ni wọ́n ti wá. Mo ní kí ló dé tó jẹ́ pé gbogbo ohun tó dára, òun ni yóò kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, tí yóò sì tán síbẹ̀. Ọkùnrin náà kọ́kọ́ ń rẹ́rìn-ín, àfi ìgbà tó rí i pé omi ń bọ́ lójú mi lóòótọ́. Ó fà mí dìde, ó mú wa jókòó lórí bẹ́ǹṣì, ó sì jókòó sáàárín wa.

"Nílé ẹ̀kọ́ tí mo ti kọ́ṣẹ́," ló ní, "olùkọ́ wa sọ̀rọ̀ àwọn èkúté kan fún wa."

"Èkúté? Èyí tó ń jẹ àgbàdo wa nínú àká?"

"Ìbátan wọn ni. Funfun ni àwọn yẹn, inú àgò ni wọ́n ti ń sìn wọ́n."

Mo wo ọkọ mi. Mo rin gbogbo ọ̀nà yẹn wá gbọ́ ìtàn èkúté! Ṣùgbọ́n ọkùnrin náà ń bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ, ó sì ń fi ọwọ́ júwe. Ó ní wọ́n kó àwọn èkúté tó lóyún sábẹ́ ìmọ́lẹ̀ yìí, wọ́n sì fún wọn ní púpọ̀, ó ju èyí tí wọ́n fi ń ya fọ́tò lọ fíìfíì. Àwọn ìyá náà dìde, wọ́n ń jẹun, wọ́n ń rìn kiri, ẹni tó bá wò wọ́n yóò ní kò sí nǹkan kan. Wọ́n bímọ, ìrù àwọn ọmọ náà pé, etí wọn pé. Àfi ìgbà tí wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ lára àwọn ọmọ náà, tí wọ́n gbé e sábẹ́ ẹ̀rọ tó ń sọ ohun kékeré di ńlá. Àwọn hóró pupa tó ń gbé èémí káàkiri ara kò tó. Àwọn funfun tó ń bá àìsàn jà kò tó. Ó ní ìgbà tí ìmọ́lẹ̀ náà wọlé, ọmọ inú ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ bí yóò ṣe máa ṣe ẹ̀jẹ̀ tirẹ̀ ni, ibẹ̀ gan-an ló sì bà jẹ́. Lára àwọn mìíràn, ẹ̀jẹ̀ náà padà bọ̀ sípò bí wọ́n ṣe ń dàgbà. Lára àwọn mìíràn, kò bọ̀ sípò títí wọ́n fi darúgbó.

"Èèyàn kì í ṣe èkúté," ló ní, "fọ́tò kan sì kéré púpọ̀ sí ohun tí wọ́n fún àwọn yẹn. Bí ẹsẹ̀ yín bá kán lónìí, màá wá ọ̀nà tí màá fi bo inú yín, màá sì yà á. Ṣùgbọ́n kí ẹni tí nǹkan kan ò ṣe wá gbà á sínú oyún nítorí orogún? Rárá o, ìyá mi."

Ọkọ mi ló la ẹnu. Ó ní, "Èyí tó wà nílé ńkọ́?"

Bẹ́ẹ̀ ló ṣe jáde o. Nígbà tí ìyàwó wá, wọ́n bi í léèrè bóyá ó lóyún, ó ní rárá, ohun tó mọ̀ ló sọ. Ọkọ mi wá sọ ìgbà tí oyún náà fojú hàn. Ọkùnrin náà ṣírò rẹ̀ lórí ìka. Oyún náà ti wà nínú ìyàwó nígbà tó wá. Ìbàdí sì ni wọ́n yà, ibi tí ọmọ jókòó sí gan-an. Ọkùnrin náà kò dẹ́rù bà wá. Ó ní ìmọ́lẹ̀ fọ́tò kan kò tó nǹkan, ó ṣeé ṣe púpọ̀ kí nǹkan kan má ṣe ọmọ náà rárá. Ó ní tí ọmọ náà bá ti lè dá jókòó, kí wọ́n gbé e wá, àwọn yóò wo ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kí ọkàn gbogbo wa lè balẹ̀.

Lójú ọ̀nà tí a ń padà bọ̀, èjìká ọkọ mi tún wà lára èjìká mi, ṣùgbọ́n bí ẹni fara ti ògiri ni. Nígbà tó kù díẹ̀ ká dé Kambolé, ó ní kí n má sọ fún ìyàwó, kí ẹ̀rù má baà ba oyún náà jẹ́. Mo ní mo gbọ́. Ẹ má bínú sí mi, inú mi dùn. Àánú ìyàwó ṣe mí, àmọ́ èmi àti ọkọ mi ti ní ohun kan tí àwa méjì nìkan mọ̀, kò sì sí ọ̀bẹ tó lè gé ìdajì rẹ̀ fún un.

Ayọ̀ yẹn kò pẹ́. A pa àgbò kan fún ìsọmọlórúkọ nílé ẹ̀gbọ́n ọkọ wa, wọ́n sì fún ọkọ wa ní ẹ̀dọ̀. Mo na àwo mi. Ọkùnrin tó gé ọṣẹ sí méjì gbé gbogbo ẹ̀dọ̀ náà sínú àwo ìyàwó, kò tiẹ̀ wo apá ọ̀dọ̀ mi. Ó ní kó jẹ ẹ́ tán, ẹ̀jẹ̀ ni. Láti ọjọ́ yẹn, ìdọ́gba parí nílé wa. Ewé tó ń mú kí ẹ̀jẹ̀ pọ̀ wà fún un, ẹyin wà fún un. Ìyàwó kò gbọdọ̀ pọnmi, ìyàwó kò gbọdọ̀ tẹ̀ síbi iná. Bó bá wú ikọ́, ọkọ wa á ti dìde. Èmi náà wú ikọ́ wò. Ó ní kí n mu omi.

Háà, mo jowú títí mo fẹ́rẹ̀ẹ́ ya wèrè! Ohun tí mo ń jowú gan-an ló tún ń bí mi nínú, nítorí ewu ni mo ń jowú. Mo ń jowú obìnrin nítorí pé ẹ̀jẹ̀ ọmọ rẹ̀ lè má pé. Mo ń rò ó lọ́kàn mi pé ká ní ọkùnrin Sokodé yẹn yà mí ni, èmi náà ì bá jẹ ẹ̀dọ̀. Ìyàwó kò sì mọ nǹkan kan. Ó ń rìn gẹlẹtẹ nínú àgbàlá, èmi sì rò pé ìgbéraga ni. Ọ̀rọ̀ náà ń yún mi lẹ́nu lójoojúmọ́: kì í ṣe ìfẹ́, ọmọ ìyá mi, ìbẹ̀rù ni.

Ọ̀sán ọjọ́ kan, a jọ ń ṣẹ́ àgbàdo nínú àgbàlá, inú àwa méjèèjì ti yọ síta. Ọkọ wa ti fi ẹran ẹ̀dọ̀ ránṣẹ́ láti ọjà, wọ́n sì gbé e síwájú ìyàwó. Mo pòṣé. Mi ò mọ̀ pé ó ròkè tó bẹ́ẹ̀. Ìyàwó ti àwo náà sí iwájú mi.

"Ìyáálé mi, ẹ jẹ ẹ́. Ẹ jẹ gbogbo rẹ̀."

"Èmi kọ́ ni wọ́n rà á fún."

"Ẹ rò pé ó fẹ́ràn mi ni?" Ohùn rẹ̀ ti yí padà. "Ó ń wò mí bí ẹni ń wo àgùntàn tó ń ṣàìsàn. Kò bá mi jà mọ́, kò bá mi ṣeré mọ́. Ẹ̀yin ló ń bá jà. Ẹ̀yin ló ń bá sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́, tí mo bá sì yọ, ẹ ó dákẹ́. Àfi ìgbà tí egungun mi là kí n tó rí i kó mú mi dé Sokodé. Ẹ̀yin kàn la ẹnu ni, ó gbé yín lọ. Ìyáálé mi, ṣé ẹ ò mọ̀ ni? Láti ọjọ́ tí mo ti wọ ilé yìí ni mo ti ń jowú yín."

Àgbàdo bọ́ lọ́wọ́ mi. Òun? Ó ń jowú èmi? Ta ló gbọ́ irú rẹ̀ rí? Wàláì, kò sí ẹran tó dùn bí ọ̀rọ̀ yẹn ṣe dùn létí mi. Mo fẹ́ kó tún un sọ. Mo fẹ́ bi í pé ìgbà wo, níbo, nítorí kí ni. Ṣùgbọ́n ó ti gbé ọwọ́ lé inú rẹ̀, ó sì ń wò mí lójú.

"Kí ló ṣe ọmọ mi? Kí ni wọ́n sọ fún yín ní Sokodé?"

Ọkọ wa ní kí n má sọ. Àmọ́ ta ló ni inú náà? Mo sún mọ́ ọn, mo sì sọ gbogbo rẹ̀ fún un, bẹ̀rẹ̀ láti orí rádíò tí mo lọ béèrè títí dé orí àwọn èkúté, ẹ̀jẹ̀ wọn, àti bí ọkùnrin náà ṣe ní ó ṣeé ṣe kí nǹkan kan má ṣe ọmọ náà. Mo rò pé yóò figbe ta. Kò ta. Ó ń fi ìka tú hóró àgbàdo kiri lórí ẹní.

"Àwọn ìyá èkúté yẹn, ṣé wọ́n mọ̀?"

Mo ní rárá, wọn ò mọ̀.

Ó mi orí. Ó ní ó sàn kí òun mọ̀. Lẹ́yìn náà ó ṣẹ́ ẹ̀dọ̀ náà sí méjì, àwa méjèèjì sì jẹ ẹ́. Nígbà tí ọkọ wa dé, òun fúnra rẹ̀ ló lọ bá a pé kó padà sí bó ṣe ń pín nǹkan tẹ́lẹ̀. Láti ọjọ́ náà kò jẹ́ kí wọ́n dẹ pàkúté sínú àká mọ́ títí ó fi bímọ. Àwọn èkúté jẹ àgbàdo wa yó lọ́dún yẹn.

Ó bí obìnrin, mo bí ọkùnrin, àárín wọn kò jìnnà. Nígbà tí àwọn ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í dá jókòó, ọkọ wa ní kí ìyàwó múra, kí àwọn gbé ọmọbìnrin náà lọ sí Sokodé. Mo ti ń di ẹrù tèmi kó tó parí ọ̀rọ̀.

"Kí lo ń lọ ṣe?"

"Ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n fẹ́ wò. Ṣé ọmọ tirẹ̀ nìkan ló ní ẹ̀jẹ̀ ni?"

Ìyá ọkọ wa rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní irú òjòwú wo rèé, tó ń jowú abẹ́rẹ́. Ìyàwó náà rẹ́rìn-ín. Ó ti rẹ ọkọ wa, kò jà. Ó kó àwa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sínú ọkọ̀.

Wọ́n gún ọmọ ìyàwó ní gìgísẹ̀, ó ké. Wọ́n gún tèmi, ó ké. A jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ọkọ wa wà láàárín, ó ń ka tẹ̀sùbáà rẹ̀. Nígbà tó pẹ́, ọkùnrin Ṣábẹ̀ yẹn àti obìnrin tó ń wo ẹ̀jẹ̀ jọ jáde. Ó kọ́kọ́ kọjú sí ìyàwó. Ó ní ẹ̀jẹ̀ ọmọ rẹ̀ pé, pupa pé, funfun pé, ìmọ́lẹ̀ yẹn kò mú nǹkan kan lọ. Ìyàwó kúnlẹ̀ sórí sìmẹ́ǹtì, ó ń ṣe Alihamudulilai. Inú mi dùn sí i, mo sì tún ń rò ó pé yóò tún gbéra ga nílé báyìí.

Ọkùnrin náà yí sí ọ̀dọ̀ mi. "Ìyá, ẹ jókòó."

Mo ti jókòó tẹ́lẹ̀. Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀.

Ó ní àwọn hóró pupa inú ẹ̀jẹ̀ ọmọ mi, ó yẹ kí wọ́n rí roboto, àmọ́ ọ̀pọ̀ ló tẹ̀ bí ẹnu dòjé, wọ́n sì máa ń há sójú ọ̀nà ẹ̀jẹ̀. Fòní-kú-fọ̀la-dìde ni. Mo bi í pé ìmọ́lẹ̀ wo ló ṣe é, nítorí wọn ò fi kankan kàn mí. Ó ní kì í ṣe ìmọ́lẹ̀. Inú ẹ̀jẹ̀ ọkọ mi ló ti mú ìdajì, inú tèmi ló ti mú ìdajì, méjèèjì sì pàdé nínú ọmọ. Ó wá bi mí pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bóyá mo ti pàdánù ọmọ tó máa ń sunkún egungun rí. Ọkọ mi ló dá a lóhùn. Ìyàwó gba ọmọ náà lọ́wọ́ mi, ó gbé e lé itan kan, ó gbé tirẹ̀ lé itan kejì.

Wọ́n kọ́ wa bí a ó ṣe máa tọ́jú rẹ̀: oògùn, omi mímu, àwọ̀n ẹ̀fọn, aṣọ tó nípọn nígbà ọyẹ́, àti pé kí á má dúró wò bí ibà bá gbé e. Nítorí pé a tètè mọ̀, ó dàgbà. Ó ti di ọkùnrin, ó ń tún fóònù ṣe ní Sokodé, ó sì máa ń wá sinmi lọ́dọ̀ mi bí ìrora bá gbé e. Ká ní mi ò jowú abẹ́rẹ́ yẹn ni, ǹ bá ti sin ín ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀, wọn ì bá sì tún pè é ní àbíkú. Àwọn kan ní Kambolé ṣì ń pè mí ní òjòwú. Mi ò bá wọn jiyàn.

Owú náà kò sì tíì tán. Ọmọbìnrin tí gbogbo wa ń bẹ̀rù fún ga ju ìyá rẹ̀ lọ báyìí. Ó ń gbá bọ́ọ̀lù, ó ń ru àpò àgbàdo bí ẹni ru òwú, mi ò rántí ìgbà tí orí fọ́ ọ kẹ́yìn. Mo fẹ́ràn rẹ̀, ọwọ́ mi ló ti kọ́ ìrìn. Síbẹ̀, bí ọmọ mi bá dùbúlẹ̀ nínú yàrá tó ń lọ́ ara rẹ̀ mọ́ orí ẹní, tí mo sì rí ẹsẹ̀ méjèèjì yẹn tí nǹkan kan ò ṣe, tó ń sáré bọ̀ lójúde, ohun kan á là mí láyà, mi ò ní lè wò ó mọ́. Mi ò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni rí. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí ọmọ mi bá dùbúlẹ̀, mo máa ń gbọ́ ohùn ìyàwó láti ẹ̀yìn ilé, pẹ̀lú Yorùbá rẹ̀ tó ń fà á lẹ́nu yẹn, tó ń sọ fún ọmọ rẹ̀ pé bó bá ti ń kọjá lẹ́nu ọ̀nà ìyáálé òun, kó rọra rìn.